Ìbéèrè Mẹ́ta Tí Wọ́n Fi Rán Mi sí Ìlú Àdáṣe

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in, nítorí ẹ̀rín tó wà nínú ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀, iwájú sì ni mo kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ̀yin àgbà Ìdó-Àfọ̀n, mo júbà yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sún mọ́ mi, ohùn mi kì í lọ jìnnà mọ́. Kábíyèsí pè wá jọ lọ́sàn-án yìí kí a lè pinnu bóyá kí a ṣí ẹnubodè wa, tàbí kí a fi í sílẹ̀ ní títì bí ó ti wà láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo tọrọ àyè kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ sì gbà fún mi nítorí ewú orí mi. Èmi Ọdẹ́sànmí ni wọ́n rán lọ wo ìlú kékeré tí kì í sin ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo padà wá jẹ́ iṣẹ́ náà. Orí iṣẹ́ tí mo jẹ́ ni wọ́n dúró lé kí wọ́n tó ti ẹnubodè. Bí mo ṣe jẹ́ ẹ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà kò mọ̀ pé abẹ́ Ọ̀gbórò ni a wà rí. A kò ní ọba nígbà náà, baálẹ̀ la ní. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, baálẹ̀ wa á ru ìṣákọ́lẹ̀ lọ sí Ọ̀gbórò, á bọ́ bàtà rẹ̀, á sì dúró ní àgbàlá ààfin títí wọn yóò fi pe orúkọ ìlú wa, orúkọ wa ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa ló ń tún odi ìlú wọn mọ. Lọ́dún tí mo ń wí yìí, òjò dé bá Baálẹ̀ Ajíbóyè lórí ìdúró. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Kò sí ẹni tó ní kó bọ́ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo di bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì ń wo omi tó ń kán láti etí fìlà rẹ̀. Ikọ́ ló bá délé. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó bi ìgbìmọ̀ pé ìlú tó ní oko, tó ní òfin, tó ní ẹnubodè, kí ló kù tí kò fi lè ní adé.

Òwe bẹ̀rẹ̀ sí í ja òwe. Àwọn kan ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara. Àwọn mìíràn ní igi kan kì í dá igbó ṣe, ilé ogóje péré ni wá, ta ni yóò gbọ́ ìró wa. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ keje ni ẹnìkan rántí pé àwọn baba wa máa ń sọ̀rọ̀ ìlú kan lẹ́yìn igbó, tó ń jẹ́ Àdáṣe, ilé àádọ́rùn-ún, tó ti wà láì ní olúwa láti ìran méje. Wọ́n ní kí wọ́n rán ọdẹ lọ wò ó. Gbogbo ojú sì yí sí mi. Mi ò fọ́nnu o, ṣùgbọ́n ta ni wọn ì bá tún rán? Lọ́dún yẹn nìkan, ẹfọ̀n mẹ́rin ni mo pa, ìkẹrin sì ti fọ́ egungun ìhà mi kí n tó pa á.

Ọ̀tún Òjéwándé, tó jẹ́ agbẹnusọ ìgbìmọ̀, ló fi iṣẹ́ náà rán mi. Ìbéèrè mẹ́ta ni. Ǹjẹ́ wọ́n ń yó? Ǹjẹ́ wọ́n ń sùn ní àlàáfíà? Ǹjẹ́ ẹnìkan wà tí ọba wọn ń ṣí fìlà fún? Ó ní, "Má fi kún un, má sì yọ nínú rẹ̀. Bí a ṣe rán ọ ni kí o jẹ́ ẹ."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo fi sílẹ̀ nílé. Ìyàwó mi, Àjọkẹ́, kú ní ọjọ́ kọkànlá tó bímọ. Ọmọbìnrin tó bí, Dúródọlá, ni èmi nìkan tọ́ dàgbà. Lọ́dún tí wọ́n rán mi, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ahunṣọ kan ní Ọ̀gbórò, Ọláníhun, ń fẹ́ ẹ. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó ku ìdána lẹ́yìn ìkórè. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí ọmọ baba kan ni gbogbo wa ní Ìdó-Àfọ̀n. Àwa kì í fẹ́ ara wa. Ọ̀gbórò àti àwọn abúlé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyàwó wa ti ń wá, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọbìnrin wa ń lọ. Kò sẹ́ni tó ń ro ó, bí kò ti sẹ́ni tó ń ro èémí imú rẹ̀. Nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnikẹ́ni kò fi í sí i.

Láàárọ̀ tí mo ń lọ, Dúródọlá di èlùbọ́ fún mi. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ tètè bọ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí n yá bàbá ẹlòmíràn lọ́jọ́ ìdána mi." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì jáde. Mi ò sọ fún un pé inú mi kò dùn sí lílọ rẹ̀. Èmi kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì ni mo fi rìn. Mi ò ní í kó gbogbo rẹ̀ kà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀ ni mi ò fi ojú kan iyọ̀, ẹ̀gún mẹ́fà ló sì wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi òsì. Ohun méjì nìkan ni mo fẹ́ sọ nípa ọ̀nà.

Èkíní ni ti iwin tó dá mi dúró ní Igbó Awuyewuye. Ara kan ló ní, ọrùn kan, ṣùgbọ́n orí mẹ́ta ló wà lórí ọrùn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dé adé ewé. Orí ọ̀tún ní òun ń dá jẹun. Orí òsì ní òun ń dá sọ̀rọ̀. Orí àárín ní òun ń dá sùn, kò sì sí ẹni tó lè bá òun lá àlá. Wọ́n ní kí n sọ ẹni tí í ṣe ọba nínú wọn, pé bí n kò bá sọ, àwọn yóò jẹ mí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wò mí bí ẹni ń wo igi gbígbẹ, ọpọlọ tí mo lò lọ́jọ́ náà ṣì wà lórí mi níbí. Mo ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Odò ń ṣàn níwájú wọn. Ẹni tó bá lè dá lọ mu omi kí àwọn yòókù má tẹ̀lé e, òun ni ọba. Kíá ni orí ọ̀tún fà síwájú, orí òsì fà sẹ́yìn kí wọ́n má baà ní ó tẹ̀lé e, orí àárín sì ń bú àwọn méjèèjì pé ẹ ń já mi lọ́rùn, ẹ̀yin aláìníbaba wọ̀nyí. Orí òsì dáhùn pé baba tí ìwọ ní ni àwa náà ní, òpònú. Abẹ́ apá wọn ni mo gbà kọjá. Odò wà níbẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n sì ń jà. Ọjọ́ méjì ni mo fi rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Ẹ̀rín tán níbẹ̀.

Èkejì ni ti Òkè Agbọ́ràn. Òkè yìí ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìkùukùu fi ń sinmi lé èjìká rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè gùn ún. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rẹlẹ̀ bí arìnrìn-àjò bá ń ka ìnira ayé rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi irọ́ kún un, yóò tún ga sí i. Mo kà á. Mo ka ọdún ìyàn tí mo jẹ gbòǹgbò ìbẹ́pẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ka ikú Àjọkẹ́, àti irú aṣọ tó wà lára rẹ̀, àti bí ọmọ ṣe ń sunkún ọmú tí mi ò ní. Mo ka ẹfọ̀n tó fọ́ egungun ìhà mi méjì. Òkè náà ní mẹ́ta ni. Mo ní méjì ni. Ó ní kí n tún un rò. Mo ní n kò ní í tún un rò, méjì ni. Ló bá rẹlẹ̀. Kò sí òkè tó lè kọ́ mi ní ìnira ara mi.

Nígbà tí ó kù bí ìdúró ènìyàn kan, ó dúró. Ó ní ó ku ọ̀kan. Mo ní ó ti tán. Ó ní ó ku ọ̀kan. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi jókòó níwájú rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, mo sọ ọ́ ní ohùn kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí. Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ mi yóò lọ, ilé mi yóò sì dákẹ́." Òkè náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Mo tẹ̀ ẹ́ kọjá, mo sì rí Àdáṣe níwájú.

Ìlú náà dára, mi ò ní í purọ́. Àká iṣu wọn kún dé òrùlé. Ilé wọn mọ́, ọ̀nà wọn mọ́. Oníbodè wọn kò ní idà, ìgbálẹ̀ ló mú lọ́wọ́. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè mi. Ṣé ẹ ń yó? Wọ́n ní ebi ti tó ìran mẹ́ta tí kò kọjá níbẹ̀. Ṣé ẹ ń sùn? Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé ibi tí wọ́n kó ọfà sí. Ta ni ọba yín ń ṣí fìlà fún? Wọ́n ní afẹ́fẹ́ nìkan, nígbà tó bá fẹ́ le. Inú mi dùn. Mo ro bí n ó ṣe sọ ọ́ fún Baálẹ̀ Ajíbóyè.

Ọjọ́ kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé etí mi ń wá nǹkan kan tí kò rí. N kò tí ì gbọ́ igbe ọmọ láti ìgbà tí mo ti wọ̀lú. Mo wo ẹ̀yìn àwọn obìnrin, kò sí ẹni tó pọn ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé, ọ̀já kan wà tí wọ́n ká, tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Mo béèrè. Wọ́n ní gbogbo ìyá ló ń hun ọ̀já fún ọmọbìnrin rẹ̀ de ọmọ tí yóò bí. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n ti bí ọmọ kẹ́yìn níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ẹyẹ aláwọ̀ eérú kan ń gbé lórí ilé àwọn ará Àdáṣe. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá ti tẹjú mọ́ra wọn, ẹyẹ náà á bà sí àárín wọn, á sì máa ka ìran wọn. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá obìnrin kan gbé agbọ̀n, ọwọ́ wọn kanra. Ẹyẹ bà. Ó ní ìyá ìyá obìnrin yìí ni ẹ̀gbọ́n baba baba ọkùnrin yìí, ọmọ ìyá ni yín. Àwọn méjèèjì fi agbọ̀n sílẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Kò sí ìjà, kò sí ẹkún. Ó ti mọ́ wọn lára. Nígbà tí àwọn baba wọn ya kúrò lábẹ́ olúwa wọn, àna ló fi ọ̀nà ẹ̀yìn han ogun tó wá bá wọn. Nítorí náà wọ́n búra pé wọn kò ní í fẹ́ ará ìta mọ́, ẹni tó bá sì jáde kò ní í wọlé mọ́. Ìran méjì àkọ́kọ́ kò ní ìṣòro. Ìran kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyàwó kiri. Nígbà tó di ìran keje, gbogbo ìlú ti di ọmọ ìyá.

Obìnrin kan ń gbé oúnjẹ wá fún mi lójoojúmọ́. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ kẹrin, bó ṣe ń gbé àwo sílẹ̀, ẹyẹ náà bà sí àárín wa. A dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó wò mí, ó wo Àwẹ̀ró, ó sì la ẹnu rẹ̀ láì ní ohun tí yóò kà. Gbogbo ènìyàn tó wà lójúde yíjú sí wa. Lọ́jọ́ kejì, ilé méje ló gbé oúnjẹ wá kí oòrùn tó là. Bàbá arúgbó kan fẹ́ fi mí joyè. Mo bi í pé oyè wo. Ó ní ọkọ.

Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ń dúró dè mí nílé. Wọn kò bínú. Àwẹ̀ró ló sìn mí dé ẹnubodè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó búra yẹn ti kú. Àwa tó kù kò mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ sọ fún àwọn ènìyàn yín pé àwa wà níbí. Ẹ ní a kò fẹ́ olúwa o, ṣùgbọ́n a ń wá àna."

Mo ṣèlérí fún un. Mo fi ọwọ́ mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ṣèlérí.

Gbogbo ọ̀nà bíbọ̀ ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ sọ pé ìlú kékeré lè wà láì sin ẹnikẹ́ni, pé mo ti rí i. Mo fẹ́ sọ pé bí a bá fẹ́ gba adé wa, kí a gbà á, ṣùgbọ́n kí a má ti ọ̀nà ìyàwó. Kí a bá Ọ̀gbórò jókòó, kí a yọ ìṣákọ́lẹ̀ kúrò, kí a fi àna sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, Àdáṣe wà níbẹ̀ tó ń retí wa. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí n ó ti mí.

Mo délé lọ́sàn-án. Ìlú péjọ. Mo jẹ́ iṣẹ́ mi. Wọ́n ń yó. Wọ́n ń sùn. Ọba wọn kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni. Ariwo ayọ̀ sọ. Baálẹ̀ Ajíbóyè ń sunkún, wọ́n ń nu ojú fún un. Ọ̀tún Òjéwándé gbé ọwọ́ sókè títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó wá bi mí, "Ọdẹ́sànmí, ṣé ó tán?"

Nígbà náà ni mo rí Dúródọlá láàárín àwọn obìnrin. Ó ń rẹ́rìn-ín nítorí pé mo padà. Ìdána rẹ̀ ku ọjọ́ méjìlélógún. Mo rò ó pé bí a bá ya kúrò lábẹ́ Ọ̀gbórò, tí wọ́n sì ti ẹnubodè, kò ní í lọ.

Mo ní, "Ó tán."

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Bí ọmọ ni wọ́n rán mi, bí ẹrú ni mo jẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n má fi kún un, mo sì fi ọ̀rọ̀ Ọ̀tún bo ara mi láti ọjọ́ náà. Ẹ má bú Ọ̀tún. Ó ti kú, ó sì bi mí bóyá ó tán.

Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Baálẹ̀ di ọba. Ọ̀gbórò kò gbógun. Wọ́n kàn ní bí a kò bá fẹ́ wọn, ọmọ àwọn kò ní í fẹ́ wa. A kò tilẹ̀ gbọ́ tán tí a fi ti ẹnubodè. Ọláníhun wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó jókòó lẹ́yìn ẹnubodè láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi wọ̀, Dúródọlá jókòó nínú, wọn kò rí ara wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì a gbọ́ pé ó ti gbé ìyàwó. Dúródọlá ń se oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ó sè é jinná.

Àwa náà yó. A sùn. Ẹ̀ẹ̀rùn méjìdínlọ́gbọ̀n kọjá, ọmọ wa kankan kò mọ odi ẹlòmíràn. Mi ò ní í sọ pé kò dára, nítorí mo ti di bàtà arúgbó lọ́wọ́ nínú òjò. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó tó wà nílé kí a tó tìlẹ̀kùn ti dàgbà kọjá ọmọ bíbí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó síwájú mi yìí, ẹ wo ọ̀tún yín, ẹ wo òsì yín. Ìyá àgbà yín ló ń ṣe iṣẹ́ ẹyẹ náà fún yín báyìí, mo máa ń gbọ́ wọn lójúde.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Dúródọlá láàárọ̀ yìí kí n tó wá síbí. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Kò bi mí ní ìdí, mo sì ti múra ìdí náà sílẹ̀. Ó dìde, ó bu oúnjẹ mi, ó gbé e síwájú mi. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni a ti jọ ń jẹun. Lónìí kò jókòó. Ó wọ yàrá, mo sì gbọ́ ìró ẹrù tó ń dì.

Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ibo ló ń lọ, Ọláníhun ti ní ọmọ-ọmọ. Ó ní òun kò lọ sọ́dọ̀ Ọláníhun. Mo ní ṣé Àdáṣe ni. Ó ní bóyá. Mo ní, "Kí lo fẹ́ lọ wá, ọmọ mi?"

Ó ń so ẹrù náà, kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Mo fẹ́ dé ibi tí mi ò ti jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni."

Ó wà ní ẹnubodè báyìí. Ẹrù rẹ̀ wà lórí, kò ní í sọ̀ ọ́. Oníbodè ní òun kò lè ṣí i láì gbọ́ ẹnu ìgbìmọ̀. Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà, ẹ lè fa ọ̀rọ̀ ìlú fún ọjọ́ mẹ́fà bí ẹ bá fẹ́. Adé wa kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rán ẹnìkan lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Bí ẹ bá ní láti tì í mọ́ ẹnìkan, èmi nìyí.